Bébà Àkàrà Tó Gbé Ọkọ̀ Ojú Ọ̀run Wọ Ìfọ́n

Ìyá mi ló ń dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìfọ́n, èmi ni mo ń ya bébà. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn láàárọ̀ kí n tó lọ sílé ìwé, òun náà ni lálẹ́. Òṣogbo ni Màámi ti ń ra bébà náà, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń wọ̀n ọ́n ní kílò: ìwé ìròyìn Daily Times àti Daily Sketch tí wọ́n ti kà tán, ìwé iṣẹ́ ọmọléèwé tí tíṣà ti fi bírò pupa fa ojú rẹ̀ ya, ìwé ọ́fíìsì, àti ìwé òyìnbó tó bá ìdì ọjà wọlé láti òkè òkun. Màá ya wọ́n ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, màá gbé òkúta lé wọn kí atẹ́gùn má baà kó wọn lọ. Bí Màámi bá ti kó àkàrà jáde nínú agbada, tí òróró rẹ̀ ti ro tán nínú asẹ́, èmi ni màá tẹ́ bébà dè é.

Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1975, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọwọ́ mi ba bébà kan tó yàtọ̀. Aláwọ̀ mèremère ni. Wọ́n fi ìlà pín ojú rẹ̀ sí àpótí àpótí, àwòrán wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sínú ohun róbótó kan lókè orí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nínú àpótí tó tóbi jù, ọkọ̀ kan ń fò lọ láàárín ìràwọ̀. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo tánganran tí a dojú rẹ̀ dé, ó ní ọrùn, ó ní ikùn, ó sì ru ọ̀pá gbọọrọ méjì sẹ́yìn. Ìdí ọ̀pá méjèèjì yìí ni iná ti ń yọ, iná pupa tó gùn ju ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀, ọkùnrin kan tí etí rẹ̀ rí ṣóńṣó ń wo nǹkan tí mi ò lè rí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni bébà náà ti ya.

Oníbàárà ti na owó. Màámi ti da àkàrà mẹ́rin sójú bébà náà, gbígbóná fẹlifẹli. Mo fà á yọ lábẹ́ wọn.

“Kí lo fẹ́ fi bébà ṣe tí o fi ń da àkàrà olówó nù?”

“Màámi, ẹ wò ó, ọkọ̀ ni.”

“Ọkọ̀ ibo?”

Mi ò mọ ọkọ̀ ibo. Oníbàárà wa, ìyá àgbà kan tó ti Ìlobùú wá, tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Ó ní, “Iná ń bẹ nídìí ẹ̀. Kò ní pẹ́ jó.” Màámi fi Daily Sketch di àkàrà mìíràn fún un. Mo ki bébà tèmi bọ inú ìwé Aláwìíyé mi, òróró sì ń mu ún lọ díẹ̀díẹ̀ títí tí ìràwọ̀ tó wà lójú kan fi ń hàn ní òdìkejì.

Enterprise ni orúkọ ọkọ̀ náà. Eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní Star Trek ni wọ́n ti mú un, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1966. Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi nígbà náà. Lóòótọ́, tẹlifíṣọ̀n ti wà ní Ìbàdàn láti ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí WNTV, tí wọ́n sì ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n àtùpà ni a ń tàn nínú agboolé wa. Bébà ni mo fi kọ́kọ́ wo tẹlifíṣọ̀n. Mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ mi, láti Ìfọ́n dé Ẹrin dé Èjìgbò, bébà ni wọ́n fi wò ó bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kọ́míìkì, irú ìwé tí bébà mi ti ya wá, fi jẹ mí lógún. Ìwé ìranù ni àwọn kan ń pè é. Mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo rí olùkọ́ tó gbà á lọ́wọ́ ọmọ tó sì fi dá iná. Mo fẹ́ sọ ohun tí ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣe láyé, àti ohun tó ti bá wa pa mọ́.

Ó di ọdún 1979 kí n tó fojú ara mi rí ọkọ̀ náà tó ń rìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, ó sì ní tẹlifíṣọ̀n, irú èyí tó wà nínú àpótí onígi tó ní ìlẹ̀kùn, tí wọ́n ń tì tí wọ́n bá wò ó tán. Nílẹ̀ ni àwa ọmọdé ń jókòó, tí àwọn àgbà wà lórí àga, tí àwọn ará àdúgbò kún ojú fèrèsé. Nígbà tí ọkọ̀ náà là kọjá, mo dìde dúró. Funfun àti dúdú ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí iná kankan nídìí ọ̀pá méjèèjì.

“Bùọ̀dá, wọn ò tíì tan iná sí i.”

“Iná wo? Jókòó, o dí wa lójú.”

Mo jókòó. Títí tí mo fi sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dá mi lójú pé àwọn tó ṣe tẹlifíṣọ̀n ló ṣe àṣìṣe, nítorí mo ti rí òótọ́ ibẹ̀ nínú Aláwìíyé mi.

Ó lé ní ogún ọdún kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ mi tó ń gbé ní London ló ra ìwé kan wálé, tí wọ́n kó àwọn Star Trek àtijọ́ náà jọ sí, tí wọ́n tún wọn tẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Western Publishing ní Amẹ́ríkà ló ń tẹ̀ wọ́n lábẹ́ àmì Gold Key, láti ọdún 1967 títí di 1979, ẹyọ 61 ni gbogbo rẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Ítálì ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Nevio Zeccara ló ya ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, lẹ́yìn náà ni Alberto Giolitti gba iṣẹ́ náà, tó sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀gá ni Giolitti nídìí iṣẹ́ yìí, ó ti gbé Amẹ́ríkà rí kó tó padà sílé. Àmọ́ kò rí Star Trek rí. Eré náà kò tíì dé orí tẹlifíṣọ̀n ìlú wọn. Ìwọ̀nba fọ́tò ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Ó rí ọ̀pá gbọọrọ méjì lẹ́yìn ọkọ̀, ó sì rò ó bí ẹnikẹ́ni tó ti rí rọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe máa rò ó: ibẹ̀ ni iná gbọ́dọ̀ gbà jáde. Ó tún gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn àwọn atukọ̀ bí ìgbà tí ọmọléèwé ń lọ, èyí tí wọn kò gbé rí lórí tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn òyìnbó tó ń kó ìwé wọ̀nyí jọ máa ń ka àṣìṣe yìí sí i lọ́rùn. Èmi ò lè bá wọn kà á. Ẹ wo ọkùnrin kan ní Ítálì tó fi fọ́tò díẹ̀ ya ohun tí kò rí rí, ẹ wo ọmọ alákàrà ní Ìfọ́n tó fi bébà ẹyọ kan rí ohun tí kò rí rí. Àwa méjèèjì la fi ọkàn parí èyí tó kù. Ìlú Òòṣà Olúfọ́n ni tiwa, a sì mọ̀ pé inú òkùnkùn ni Òòṣà ti ń mọ ojú mọ imú fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Mi ò fi ayàwòrán wé Òòṣà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ láìrí àwòkọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì di ohun tí ọmọ ọlọ́mọ dì mọ́yà fún àádọ́ta ọdún, kò ṣàṣìṣe.

Gbígbé eré ojú ọ̀run kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n sínú ìwé ti wà kí wọ́n tó bí mi. Ní ọdún 1949, nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àwọn ará Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ DuMont ní New York bẹ̀rẹ̀ eré kan fún àwọn ọmọdé, Captain Video. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà ló ń lọ sórí afẹ́fẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀, owó tí wọ́n sì ń ná sí i kò tó nǹkan, débi pé páálí àti igi ni wọ́n fi ń ṣe ohun tó yẹ kó jẹ́ irin. Ní 1951, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Fawcett gbé e sínú kọ́míìkì, ẹyọ mẹ́fà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti wá rí bí ọkọ̀ náà ì bá ṣe rí ká ní owó wà. Èyí ni mo rò pé ó gbé òwò yìí ró jù lọ. Kí tẹlifíṣọ̀n tó lè kọ́ ìlú kan sórí òṣùpá, yóò ra páákó, yóò san owó káfíńtà, yóò wá iná. Yíńkì ni ayàwòrán ń fi kọ́ ọ, yóò sì kọ́ òmíràn lójú ewé kejì.

Kò pẹ́ tí DuMont fi kógbá sílé, ní 1956. Captain Video tí wọ́n ṣe ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ìwọ̀nba kékeré ló ṣẹ́kù láyé, ìyókù ṣègbé. Ìwé mẹ́fà náà kò ṣègbé. Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n lónìí á rí wọn kà.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn. Doctor Who, eré dókítà kan tó ń rìnrìn àjò lójú ọ̀run, bẹ̀rẹ̀ lórí BBC lọ́jọ́ 23, oṣù kọkànlá, ọdún 1963, nígbà tó sì fi máa pé ọdún kan, ó ti wà nínú ìwé ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní TV Comic. Wọ́n fún dókítà náà ní ọmọọmọ méjì nínú ìwé, John àti Gillian, tí kò sí nínú eré rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 1965 ni TV Century 21 jáde, tó gbé àwọn eré bíi Stingray àti Fireball XL5 sójú ewé, pẹ̀lú ìtàn àwọn Dalek, ọ̀tá Doctor Who, lẹ́yìn ìwé. Wọ́n ṣe ojú ìwé náà bí ìwé ìròyìn, wọ́n sì kọ ọjọ́ tó fi ọgọ́rùn-ún ọdún wà níwájú sí i: 1965 di 2065. Ọmọ tó bá rà á lówurọ̀ ń ka ìròyìn ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ lè má dé.

Tiwa ńkọ́?

Fọ́tò ni tiwa, kì í ṣe yíyà. Àwọn tó dàgbà ní ìlú wa láàárín 1965 sí 1975 kò lè gbàgbé African Film, tí ilé-iṣẹ́ Drum ń tẹ̀, níbi tí Lance Spearman ti ń fi fìlà àti sìgá lé àwọn ọ̀daràn kiri. Ọmọ South Africa kan, Jore Mkwanazi, ló ń ṣe Spearman. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ kì í ṣe olè lásán: onímọ̀ sáyẹ́ǹsì burúkú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, bíi Dókítà Devil, tí ọgbọ́n wọn ju ti ayé lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé a kò ní ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì nígbà náà, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ka Spearman.

Àmọ́ Atọ́ka ni ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jù. Ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, West African Book Publishers ní Èkó ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, Yorùbá pọ́ńbélé sì ni. Eré àwọn alárìnjò ni wọ́n ń gbé sínú rẹ̀, eré tí àwọn èèyàn ti wò nínú gbọ̀ngàn tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn òṣèré fúnra wọn á dúró níwájú ẹ̀rọ fọ́tò, wọ́n á ṣe ìran kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ lẹ́yọ, wọn yóò wá kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sójú àwòrán. Ìran ojú ọ̀run kò sí nínú rẹ̀. Orogún, ọba, olówó aláìláàánú àti babaláwo ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni pẹ̀lú èyí tí Gold Key ń ṣe, ó sì dára ju ti Gold Key lọ. Giolitti kò rí Spock, ọkùnrin elétí ṣóńṣó náà. Ayafọ́tò Atọ́ka rí Baba Sàlá aláwàdà lójúkojú.

Télọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Màámi ti ń dín àkàrà. Òun ni olówó Atọ́ka ní àdúgbò wa. Ọjọ́ tí tuntun bá dé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á dákẹ́. Yóò gbé ìwé náà lé orí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, àwa tó kù á yí i ká, yóò wá máa kà á sókè, yóò sì máa yí ohùn padà: ohùn ìyàwó kékeré, ohùn baálé, ohùn ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn ìyá tí kò lọ sílé ìwé á na ìka sí fọ́tò, wọ́n á ní, “Ó parọ́, wo ojú ẹ̀.” Òfin kan ṣoṣo ló ní: ẹni tó bá ń jẹ àkàrà lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Atọ́ka. Ó ní aṣọ kan tó fi ń nu ọwọ́ àwa ọmọdé, aṣọ kaki, ó so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Mo ṣì lè gbóòórùn kẹrosíìnì àti òróró ẹ̀rọ tó wà lára aṣọ náà.

Àwọn tó wà nínú ìwé kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Òṣogbo tó wà nítòsí wa ni Dúró Ládípọ̀ wà, ibẹ̀ ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá wà, ibẹ̀ ni Oyin Adéjọbí wà. Ẹni tó bá lọ ra bébà ní Òṣogbo lè pàdé ọba tó kà nípa rẹ̀ nínú Atọ́ka lánàá, kó máa ra iṣu lọ́jà.

Ní àárín ọdún 1970 sí 1979 náà ni kọ́míìkì kan wọ ìlú tí wọ́n ń pè ní Powerman, akọni aláwọ̀ dúdú tó ń fò. Nàìjíríà ni wọ́n ń tà á sí, ṣùgbọ́n London ni wọ́n ti ń ya á. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló ń gbà á fún ara wọn, bí ọ̀kan bá ya tòní, èkejì á ya tọ̀la. Wọ́n fi nọ́ńbà sí ojú àpótí kọ̀ọ̀kan, wọ́n rò pé àwa tí a máa kà á kò ní mọ èyí tó ṣáájú. Ó dùn mí nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti jókòó ti télọ̀ wa kò nílò nọ́ńbà. Síbẹ̀ iṣẹ́ wọn dán mọ́nrán, ó sì tọ́ kí àwọn òǹkàwé mọ èyí: Dave Gibbons tó fi Powerman kọ́ ọwọ́ nítorí wa, òun náà ni wọ́n gbé Doctor Who lé lọ́wọ́ nígbà tí Doctor Who Weekly bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1979. Owó àwa ọmọ Nàìjíríà wà nínú ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Doctor Who yìí ni yóò gbé wa dé Jos. Téèpù tẹlifíṣọ̀n wọ́n gógó nígbà náà. Nígbà tí eré bá ti lọ sórí afẹ́fẹ́, BBC á pa á rẹ́, wọ́n á fi téèpù náà gba nǹkan mìíràn. Báyìí ni ọ̀pọ̀ Doctor Who ọdún 1963 sí 1969 ṣe parẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ti da àwọn eré náà sórí fíìmù tà fún àwọn ilẹ̀ mìíràn, Nàìjíríà wà lára wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni gbogbo ayé gbọ́ pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Philip Morris ti rí róòlù fíìmù ní ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos: The Enemy of the World àti The Web of Fear, eré tí wọ́n ṣe ní 1967 sí 1968, níbi tí Patrick Troughton ti jẹ́ dókítà náà. Apá mọ́kànlá ni. Mẹ́sàn-án nínú wọn, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn láyé. Ohun tí London sọ nù, yàrá kan ní ìlú Jos ló bá wọn tọ́jú rẹ̀ fún bí ogójì ọdún.

Nígbà tí mo gbọ́ ìròyìn yìí lórí rédíò, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta. Inú mi dùn, ó sì tún bàjẹ́. Inú mi dùn nítorí pé láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé àwa la kì í tọ́jú nǹkan. Inú mi bàjẹ́ nítorí ta ló ń tọ́jú tiwa? Téèpù tó wọ́n ní London, ìlọ́po rẹ̀ ló wọ́n níbí. Eré Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lónìí, ìròyìn tàbí bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbà lé e lórí lọ́la. Èyí tí wọ́n ṣe lórí ìtàgé kò tilẹ̀ ní téèpù rárá. Karin Barber, ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbé ní Òkukù, tó sì bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ṣeré, kọ ìwé ńlá kan jáde ní ọdún 2000 lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí ìwé eré tí wọ́n ń há sórí. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ọ̀rọ̀ sì ń yí láti ìlú kan dé òmíràn. Tí eré bẹ́ẹ̀ bá wà nínú Atọ́ka, ojú òṣèré wà níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, bó ṣe na ọwọ́ àti bó ṣe tẹ orí wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ohun tí Jos ṣe fún London ni Atọ́ka ti ń ṣe fún àwa.

Láyé òde òní, odò ti ń ṣàn padà sókè. Ìwé ló ń ṣáájú, tẹlifíṣọ̀n ń tẹ̀lé e. Wálé Adénúgà ti fi ọ̀nà hàn: Ikebe Super tó bẹ̀rẹ̀ ní 1976 ló bí Papa Ajasco tí gbogbo ilé wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tó wá ya èmi lẹ́nu jù ni Kugali. Ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì ni, tí Olúfikáyọ̀ Adéọlá, Tolú Ọlọ́wọ́fóyèkù àti Hamid Ibrahim láti Uganda jọ dá sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa bá Disney díje, Disney sì pè wọ́n. Lọ́jọ́ 28, oṣù kejì, ọdún 2024 ni Iwájú jáde, apá mẹ́fà: Èkó ti ọjọ́ iwájú, ọkọ̀ tó ń fò lórí ọ̀sà, ọmọ olówó ní erékùṣù, ọmọ aláìní lódìkejì omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyanu, tí Roye Okupe kọ tí Godwin Akpan sì yà. Dark Horse ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé rẹ̀ ní 2021, ó sì di eré tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Ilẹ̀ Yorùbá ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, orúkọ wa ni wọ́n ń jẹ́ nínú rẹ̀.

Ọmọọmọ mi wo Ìyanu lórí fóònù ní pálọ̀ mi níbí ní Ìfọ́n. Nígbà tó tán, ó béèrè pé, “Ìyá àgbà, ṣé ó wà nínú ìwé?” Mo ní inú ìwé ló ti wá. Ó ní kí n rà á fún òun, nítorí dátà ti tán, ìwé kì í sì í jẹ dátà. Mo wọ yàrá lọ, mo gbé Aláwìíyé mi jáde, mo sì fi bébà àkàrà hàn án. Ó fọwọ́ ra ibi tí òróró ti gbẹ sí. Ó béèrè ìdí tí iná fi ń yọ nídìí ọkọ̀. Mo sọ gbogbo ìtàn Giolitti fún un, òun nìyẹn tí ẹ ti kà lókè yìí.

Bébà kan yìí ló kù lọ́wọ́ mi. Atọ́ka tí mo fi owó oṣù mi rà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ tíṣà, ikán jẹ wọ́n nínú àpótí páálí ní ọdún 1998. Nígbà tí mo ṣí i, ẹ̀yìn ìwé nìkan ló dúró, inú rẹ̀ ti di erùpẹ̀. Télọ̀ wa ti kú. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pín ilé, wọ́n ta àwọn ìwé rẹ̀ ní kílò fún alákàrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ wo abẹ́ ibùsùn bàbá yín, ẹ wo orí àjà. Bí Atọ́ka bá wà níbẹ̀, bí Spearman bá wà níbẹ̀, bí Powerman tàbí Ikebe Super àtijọ́ bá wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ojú ewé kan tó ti ya, ẹ má tà á ní kílò. Ẹ gbé e lọ sí yàrá ìkàwé yunifásítì tó bá sún mọ́ yín, kí ẹ sì gba ìwé àmì pé ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìfọ́n, ní Ìlobùú àti agbègbè wa, ẹ gbé e tọ̀ mí wá. Mo ti ra àpótí irin, ikán ò lè wọ̀ ọ́.